Igi Dúró, Ọkùnrin Ni Ó Ń Yípo

(Ọ̀rọ̀ tí a kà níwájú àpéjọ oṣooṣù ẹgbẹ́ wa ní Ìlọrin)

Nígbà tí akọ̀wé wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà ara igi, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀, nítorí èmi kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà, bàbá mi kò sì ṣe é rí. Aṣọ òfì ni wọ́n ń hun ní agbo ilé wa. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ní ìpàdé tí ó kọjá, díẹ̀ ni ó kù kí á fi ohùn líle bá ara wa wí nítorí àga kan. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń ká mi lára. Nítorí àga náà ni mo ṣe gbà láti wá.

Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. A ti dá owó jọ láti ṣe àga kan fún ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́ alága nínú gbọ̀ngán wa yìí. Apá kan wí pé kí á gbé iṣẹ́ náà fún àwọn tí ń fi ẹ̀rọ yí igi, nítorí iṣẹ́ wọn ń dán, ó ń yá, owó rẹ̀ kò sì ga. Apá kejì wí pé rárá, kí á ránṣẹ́ sí Ọ̀pín, kí gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀ fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Ẹnì kan wá dìde, ó bèèrè pé kí ni ìyàtọ̀, ṣé igi kọ́ ni méjèèjì ni? Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn tí ó yè kooro. Èmi pàápàá jókòó, mo ń wo ilẹ̀. Ìdáhùn tí mo yẹ kí n fún un lọ́jọ́ náà ni mo gbé wá lónìí.

Ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ báyìí dùn mọ́ ará Ìlọrin ju ará ìlú mìíràn lọ, nítorí orúkọ tí a ń jẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan wí pé Ìlú-erin ni, èmi kò sì fẹ́ dá ìjà yẹn sílẹ̀ lálẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ọ̀pọ̀ àgbà ń sọ ni ti òkúta tí Òjó Ìṣẹ̀kúṣe àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pọ́n ohun èlò wọn lórí rẹ̀, tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní ìlọ́-irin. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ibi tí a ti ń mú kí ẹnu irin mú ni ìlú wa. Ìlú tí ó bá ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe aláìmọ ohun tí irin mímú lè ṣe lára igi.

Mo jẹ́wọ́ fún yín pé ojú tín-ínrín ni mo fi ń wo àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé wa, mo wí fún ara mi pé kò tọ́ kí ènìyàn ṣe ìdájọ́ ohun tí kò fi ojú ara rẹ̀ rí. Mo mú ọ̀nà pọ̀n, mo lọ sí abà ọ̀kan nínú wọn lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, mo sì dúró tì í láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ àtàrí. Ó mú igi onígun mẹ́rin kan, ó há a sáàárín irin ṣóńṣó méjì, ó sì tẹ iná mànàmáná sí i. Igi náà bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ó yí tó bẹ́ẹ̀ tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ fi pòórá lójú mi, tí ó sì dàbí èéfín tí a dì sí ojú kan. Ọkùnrin náà gbé irin ẹlẹ́nu mímú lé ohun ìfẹ̀yìntì, ó kàn án mọ́ igi pẹ̀lẹ́, èèpá igi sì ń tú jáde gẹ́gẹ́ bí òwú tí ń tú lára ìkékèé. Ibi tí ó bá tẹ ọwọ́ sí díẹ̀ a di ọrùn, ibi tí ó bá gbé ọwọ́ kúrò a di ikùn. Kí n tó wí pé mo fẹ́ mu omi, igi onígun mẹ́rin ti di ẹsẹ̀ àga olóríka, ẹ̀kejì rẹ̀ sì wà nílẹ̀ tí ó bá a mu bí ọmọ ìbejì. Mo yin ọkùnrin náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n bí ìṣẹ́jú akàn, igi náà bàjẹ́, ó sì lè fò bá a lójú. Ẹ máa gbọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín mọ́ pé ẹ̀rọ ni ó ń ṣe é, kì í ṣe ènìyàn.

Iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn ọba Yúróòpù fi ń ṣe fàájì nígbà kan. Peter, ọba ńlá ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó wàjà ní ọdún 1725, ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ a sì máa jókòó tì í. Ọlọ́gbọ́n kan tí ń jẹ́ Andrey Nartov ni ó ń bá a ṣètò wọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìdílé Holtzapffel ń ṣe ẹ̀rọ tí ó le ju ti abà tí mo lọ yìí lọ fíìfíì. Àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ń rà á. Ní ọdún 1948 ni àwọn tí ó ṣì fẹ́ràn irú iṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀tàn inú ẹ̀rọ yẹn dùn mọ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá ti yí igi tán tí ó ti rí roboto, wọ́n á dá a dúró. Wọ́n á wá mú ọ̀bẹ kékeré kan tí òun fúnra rẹ̀ ń yí bí òkòtó, wọ́n á fi bu ojú igi náà jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ní ìdí ẹ̀rọ ni àwo idẹ kan wà tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí yíká yíká, ní iye tí a ti kà. Wọ́n á yọ èèkàn kúrò nínú ihò kan, wọ́n á fi sínú èkejì, igi náà á sún díẹ̀, ọ̀bẹ á tún bù ú jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ó máa ṣe é títí tí ojú igi yóò fi kún fún ọnà bí afárá oyin, tàbí bí ìdí agbọ̀n tí a hun. Ẹ rí i pé àwo idẹ náà ni ó ń ka iye fún wọn. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣì í kà, àfi bí ó bá ń tòògbé.

Ohun kan sì wà níbẹ̀ tí ó pa mí lẹ́rìn-ín, tí kò sì jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán. Àwọn ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù láti fi ṣe iṣẹ́ náà ni eyín erin, àti igi dúdú kan tí ó le bí irin, tí ó ń hù ní Tansania àti Mòsáńbíìkì. Láti ilẹ̀ Áfíríkà ni igi ọ̀hún ti ń bọ̀ tí ó fi dé orí ẹ̀rọ àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù.

Lẹ́yìn èyí ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀pín. Láti Ìlọrin ni a ó gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, kí a tó kọjú sí ìhà Èkìtì. Èkìtì ni àwọn ará ibẹ̀ ní èdè àti ní ìṣe, ṣùgbọ́n lábẹ́ Ìlọrin ni ìjọba òyìnbó kà wọ́n sí, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí orúkọ Ọ̀sì nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí Ọ̀sì-Ìlọrin. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní ọdún 1967, wọ́n bá wa wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan wí pé iṣẹ́ àwọn ará òkèèrè ni, ẹ dá a lóhùn pé ará ilé wa ni wọ́n.

Mo bá gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní abẹ́ igi níwájú ilé rẹ̀. N kò ní dá orúkọ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí kò rán mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbẹ́ àwo obì olómorí kan fún mi, kí ó sì jẹ́ kí n máa wò ó. Ó gé gẹdú tútù kan, ó nà án ró, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí ìyàtọ̀ tí ẹnì kan bèèrè ní ìpàdé wa. Ní abà oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ọkùnrin dúró, igi ń yí. Ní Ọ̀pín, igi dúró, ọkùnrin ni ó ń yípo. Á sá a níhìn-ín, á gbé ẹsẹ̀, á sá a lọ́hùn-ún, á tún gbé ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn á fi ọwọ́ òsì dá igi náà yí díẹ̀, á sì dín ojú kan wò ó. Kò sí okùn, kò sí kọ́ńpáàsì, kò sí àwo idẹ oníhò. Síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, igi náà ti ń rí roboto.

Kí á má ṣe rò pé ohun tí ojú wa kò rí rí ni. Àwọn ìyá wa amọ̀kòkò ní Dáda ní Òkèléle, ta ni ó fún wọn ní àgbá tí ń yí? Ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń mú ẹnu ìkòkò rí róbótó, a sì ti mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í yà wò ó mọ́. Ṣùgbọ́n amọ̀ ń gbọ́ bẹ̀bẹ̀. Ibi tí ó bá wọ́, a lè lẹ̀ ẹ́ padà. Igi kì í gbọ́ bẹ̀bẹ̀. Èyí tí àáké bá ti gbé lọ, ó lọ.

Mo ní kí ó sọ àwọn ìpele iṣẹ́ náà fún mi, ó sì kà wọ́n ní orúkọ kan náà tí òyìnbó àlùfáà Kevin Carroll kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1967: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín. Ní ọnà lílé, àáké àti èyí kékeré tí ẹnu rẹ̀ dàbí ti ọkọ́ ni a fi ń lé igi dé ibi tí ó ń lọ. Ikùn àwo wà níbí, ọmọrí wà níbẹ̀, kò tíì sí ohun tí a lè fi ojú kékeré mọ̀. Ní alétúnlé ni a tún un lé, tí ìpín ńlá ńlá yẹn pín sí kékeré. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí gbogbo ara rẹ̀ yóò jọ̀lọ̀. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni fínfín, nígbà tí ọ̀bẹ tín-ínrín bá wọlé tí ó ń fa ìlà, tí ó ń hun ọnà mọ́ ara wọn bí irun ọmọge. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ a máa fẹ́ sáré dé ibi fínfín, nítorí ibẹ̀ ni ojú àwọn ènìyàn ń lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí sọ fún mi pé bí ọnà lílé bá wọ́, kò sí fínfín tí ó lè tún un ṣe, yóò kàn dàbí ìgbà tí a fi tìróò sí ojú ẹni tí ojú ń dùn ni.

Ibi tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ọmọrí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ̀ pé ọmọrí kì í fún wọn ní wàhálà. Ohun tí ẹ̀rọ bá yí, òbírí gidi ni, bí o bá gbé ọmọrí lé e níbikíbi, ó wọ̀. Ohun tí ọwọ́ gbẹ́ kì í ṣe òbírí bẹ́ẹ̀. Ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí àléébù, ṣùgbọ́n igi mọ̀. Nítorí náà inú gẹdú kan náà ni ó ti gé ọmọrí àti àwo, kí wọ́n lè jọ gbẹ, kí wọ́n jọ sún kì. Ó ń há ọmọrí, ó ń yọ ọ́, ó ń ha ibi kékeré kan, ó tún ń há a, títí ó fi dún pó. Ojú kan ṣoṣo ni ó ti ń wọ̀. Bí o bá yí i sí ibòmíràn, yóò há ọ lọ́wọ́. Bí o bá sì gbé e sí ojú rẹ̀, ìlà tí ó gun ara àwo bọ̀ láti ìdí yóò bá ìlà orí ọmọrí pàdé, láìsí ibi tí ọ̀nà ti já. Mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ṣe pín ọnà náà yíká àwo tí ìkẹyìn fi bá àkọ́kọ́ pàdé láìṣẹ́kù, nítorí mo ti wo iṣẹ́ náà, mo sì kà á: 14 ni. Ó ní òun kò mọ̀ pé 14 ni. Ó ní òun kàn mọ ibi tí yóò parí sí kí òun tó bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ará, ìyẹn ni mo pè ní ọgbọ́n. Ohun tí ìdílé Holtzapffel lu sára àwo idẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, inú orí ọkùnrin yẹn ni ó wà.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo sì fi dúró kí àwo náà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. N kò ní fi èyí pa mọ́ fún yín. Òjò dá a dúró, oko dá a dúró, òkú ìyá ìyàwó rẹ̀ dá a dúró, mo sì san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí á gbé iṣẹ́ lọ sí Ọ̀pín, kí ó mọ èyí tẹ́lẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí ó gbẹ́ àwo obì, kì í ṣe ohun mìíràn, ìdí rẹ̀ ń tì mí lójú. Ìyá tí ó bí bàbá mi ní irú àwo bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni ó ń kó obì àlejò sí. Lẹ́yìn tí ó ti kú, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tí n kò ní làákàyè, oníṣòwò kan wá sí ìta wa, ó ń bèèrè nǹkan àtijọ́. Mo gbé àwo náà fún un, owó tí mo gbà, bàtà kan ni mo fi rà. Bàtà náà kò tó ọdún kan. Nígbà tí mo dàgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí wo ìwé tí àwọn òyìnbó fi àwòrán iṣẹ́ wa sí, mo rí àwo tí ó jọ ọ́. Kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ pé a kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Mo bínú sí ẹni tí ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi léèrè pé ta ni ó gbẹ́ ti ìyá mi àgbà? N kò mọ̀. N kò bèèrè rí nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wà láàyè.

Àwọn tí a mọ orúkọ wọn kò sì ṣe é kó dànù. Aréògún ará Ọ̀sì, tí ó kú ní ọdún 1954, sin Bámgbóṣé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dá dúró. Ìlẹ̀kùn, òpó, àti orí Ẹpa tí ó gbẹ́ ti tàn káàkiri. Ẹni tí kò bá rí orí Ẹpa rí, kí ó fi ọkàn rò ó: igi kan ṣoṣo, láìsí ìsopọ̀, ó lè ga tó ìdajì ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ dàbí ìkòkò tí orí wọ̀ sínú rẹ̀, òkè rẹ̀ sì kún fún ẹlẹ́ṣin, ìyá ọlọ́mọ, àti onílù. Ènìyàn yóò gbé e rù, yóò sì jó, yóò sì fò gun òkìtì. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà kò bá mọ ibi tí ìwúwo wà nínú igi yíká, ọrùn oníjó ni yóò san gbèsè rẹ̀. Èyí náà jẹ́ ọ̀ràn òbírí.

Ní Òdó-Ọwá ni Bámigbóyè wà, ẹni tí wọ́n gbà pé a bí ní nǹkan bí ọdún 1885, tí ó sì kú ní ọdún 1975. Ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n mú un wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Òmù-Àrán láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ igi. Ní ọdún 2022 Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ gan-an pe ìpàtẹ náà. Mo bi yín, nínú gbọ̀ngán yìí, ẹni mélòó ni ó ti gbọ́ orúkọ náà rí kí n tó dá a? Ẹ má ṣe na ọwọ́ sókè, kí á má ṣe dójú ti ara wa.

Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ kan láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i lójú Alfa wa kan tí ó jókòó lápá ọ̀tún. Yóò wí pé ère ni iṣẹ́ àwọn ará Ọ̀pín, ìlú àwọn Mùsùlùmí sì ni ìlú wa. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, n kò sì ní ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Èmi náà ń kírun. N kò bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí á gbé ère wọ gbọ̀ngán. Ọnà ni mo ń sọ: ìlà, ìkọ́, ìhun tí ó mọ́ra wọn, èyí tí kò ní ojú, tí kò ní imú. Ta ni nínú wa tí kò gbé wàláà dání rí nílé kéú? Igi ni wàláà, ẹnì kan ni ó gbẹ́ ẹ, tí ó gé ọwọ́ sí i, tí ó mú ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ kí kálámù má baà kọsẹ̀. Lọ́jọ́ wòlímọ̀, a ń ṣe wàláà lọ́ṣọ̀ọ́, a ń gbé e ga kí gbogbo ayé rí i.

Ẹ sì tún wo àwọn oníṣẹ́ náà fúnra wọn. Orúkọ Bámigbóyè tí ó ṣáájú ni Moshood. Ọmọ Aréògún tí ń jẹ́ Bándélé ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì, Carroll àti O'Mahony, mú lọ sí ibi iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947, tí ó wà títí di ọdún 1954. Níbẹ̀ ni ọmọ Mùsùlùmí kan láti Ìlá Ọ̀ràngún, Lamidi Fákẹ́yẹ, ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ti bí Lamidi, ó sì ti mọ irin lò kí ó tó dé ibẹ̀, síbẹ̀ ó tún fi ara sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́tun. Ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ilé ìsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó gbẹ́ Odùduwà tí ó dúró ní Ilé-Ifẹ̀, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ibẹ̀, ó sì kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2009. Baba tí ń gbẹ́ orí Ẹpa kọ́ni, ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún àwọn àlùfáà ìjọ, Mùsùlùmí sì ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó gbé e dé òpin ayé. Ìgbàgbọ́ yà wọ́n, irin pa wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àga wa, nítorí ilẹ̀ ti ń lọ. Ìtàn àga kan wà tí ó yẹ kí á gbọ́ kí á tó dìbò. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Mùsíọ́ọ̀mù Lọ́ńdọ̀nù rí i, wọ́n sì fẹ́ ẹ. Ọba kò gbà láti tà á. Ohun tí ó gbà ni pé kí wọ́n ṣe àga ìtẹ́ kan fún òun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n ṣe àga náà, ìlẹ̀kùn sì dúró sí Lọ́ńdọ̀nù títí di òní olónìí. N kò bú Ògògà. Ó rí i gẹ́gẹ́ bí ọba tí ó fi iṣẹ́ àrà gba iṣẹ́ àrà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé, nínú ìlẹ̀kùn náà àti àga náà, èwo ni ayé ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wò? Èmi tí mo fi àwo obì ra bàtà, mo mọ ìdáhùn rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé, ẹ lè gbà á, ẹ sì lè kọ̀ ọ́. Kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí mo lọ sí abà rẹ̀ yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àga náà. Iṣẹ́ rẹ̀ yẹ, ọmọ ìlú ni, ó sì ní láti jẹun. Kí ọkùnrin Ọ̀pín gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ àti ibi ìgbọ́wọ́lé, pẹ̀lú ọnà ìhun nìkan, láìsí ojú, láìsí imú. Ẹni tí ó bá jókòó níbẹ̀ yóò ní èyí tí ẹ̀rọ yí lábẹ́ rẹ̀, yóò sì ní èyí tí ènìyàn yípo lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ó bá bèèrè ìyàtọ̀ lè fi ọwọ́ pa á wò fúnra rẹ̀. Mo ti bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Owó tí a ní lọ́wọ́ yóò ká ẹsẹ̀ náà, yóò sì ká ìdajì iṣẹ́ Ọ̀pín. Ìdajì tí ó kù ni kí á tún dá, èmi yóò sì kọ́kọ́ dá tèmi lálẹ́ yìí kí n tó jáde. Kí á yan ọmọ méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́yìn yẹn, kí ẹgbẹ́ san owó ọkọ̀ wọn lọ sí Ọ̀pín, kí wọ́n jókòó tì í ní ọjọ́ ọnà lílé, kì í ṣe ní ọjọ́ fínfín nìkan.

Kí akọ̀wé sì kọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ méjèèjì sínú ìwé ẹgbẹ́, kí á fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ ìjókòó àga náà pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Mo ti gbé àwo obì tèmi wá, ó wà lórí tábìlì níwájú alága. Mo ti dojú rẹ̀ dé kí ẹ lè rí orúkọ tí mo ní kí ọkùnrin náà kọ sí ìdí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò kọ orúkọ sí ìdí àwo rí. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń ṣí ọmọrí rẹ̀ wò, ẹ rántí pé ojú kan ṣoṣo ni ó ti ń wọ̀.

Alága, mo dá ọ̀rọ̀ padà sí yín lọ́wọ́. Bí ìbéèrè bá wà, mo wà níhìn-ín.